Áàpù regbérégbé: èèyàn 340 gbà á, 19 ló kù. Ṣé kí n pa á tì ni?

Ọmọ_Mólípà · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò wá polówó, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dárúkọ áàpù náà níbí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ má fi ojú àánú wò mí, ẹ là á mọ́lẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, wẹ́ẹ́bùsáìtì ni mo ń bá àwọn èèyàn ṣe jẹun. Lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún 2024, tí fọ́tò àwọn regbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra) àti àwọn ẹlẹ́ṣin gba gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ìlú òyìnbó, inú bí mi díẹ̀. Ọdún wa, aṣọ wa, ẹṣin wa, Instagram àti TikTok ló ń jèrè ẹ̀. Ni mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà fún oṣù mẹ́sàn-án. Mo ṣe áàpù kan tí ọmọ regbérégbé á ti máa fi fọ́tò síta, tí wọ́n á ti máa tàkúrọ̀sọ bí ẹni wà lórí WhatsApp, tí ìròyìn ìlú á wà níbẹ̀, tí ìsọ̀ ìtajà náà á wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo fi ojú ewé kan sí i tí akápò á lè máa kọ owó oṣù àti owó aṣọ ẹgbẹ́ sí. Ìyẹn ò gbà mí ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Ìpàdé ẹgbẹ́ mẹ́ta ni mo lọ, mo gbé míìtì páì àti omi dání. Mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp torí mi ò tíì gbé e sórí Google Play. Èèyàn 340 gbà á. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo wo ẹ̀yìn áàpù, èèyàn 19 ló ṣì ń wọlé. Èmi wà nínú wọn. Ìyàwó mi wà nínú wọn.

Owó sẹ́fà, kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé áàpù náà, ń lọ lóṣooṣù, dọ́là sì ni wọ́n ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí mo háyà sẹ́fà fún oníbàárà mi kan, dọ́là kan ò tíì pé ₦500 ní báńkì. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n tú náírà sílẹ̀. Ní 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Sẹ́fà yẹn náà ni, iye dọ́là yẹn náà ni, àpò mi nìkan ló ń ro. Fídíò ló sì ń pa mí jù. Ẹnì kan gbé fídíò òkú àgbà ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí i, gbogbo ẹni tó bá ṣí i wò, èmi ni mò ń sanwó ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ yá mi ní ₦2 mílíọ̀nù kí n fi polówó. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n kó kọ̀ǹpútà mi kí n jókòó jẹ́jẹ́?

Àkàrà_Ìpẹ́rù · 8:21 alẹ́

Ẹ tún àwọn 19 yẹn kà dáadáa. Ẹni tó bá ti gbàgbé pé áàpù náà wà lórí fóònù òun, ẹ má kà á mọ́ ọn o 😂

ÀgọÌwòyè_200L · 8:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yẹn, èmi ni mo bá wọn gba áàpù náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Megabáìtì 84! Fọ́tò ọmọ-ọmọ àti fídíò àdúrà òwúrọ̀ ti kún fóònù bàbá mi dẹ́nu. Mo ní láti pa nǹkan rẹ́ kó tó ráyè wọlé. Fóònù tún ń kìlọ̀ pé fáìlì yìí lè léwu, mo ní kò séwu. Ó wọlé tán, ó ní òun máa fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ ká fi wọlé. A dúró. A tún dúró. Bàbá mi ní, "Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe àwọn ọmọ yahoo nìyí?" Nígbà tí nọ́ńbà yẹn máa fi dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ní kí n pa áàpù náà rẹ́.

Kóòdù_Ṣàgámù · 9:05 alẹ́

Ti nọ́ńbà tí kò dé yẹn, mo mọ ibi tó há sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ara wọn sí DND, 2442 yẹn, kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó yéé yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ilé iṣẹ́ tó ń bá ọ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ bá ń gbé e gba ojú ọ̀nà ìpolówó, kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, owó rẹ á sì ti lọ. Ojú ọ̀nà mìíràn wà fún irú iṣẹ́ yẹn, béèrè é lọ́wọ́ wọn, ó wọ́n jùyẹn lọ. Èyí kékeré.

Èyí tó tóbi ni pé o kọ́ ọjà, o ò ní èrò. Gbogbo wa la mọ ọjà tí kánsù kọ́, tí wọ́n kun gbogbo ìsọ̀ ẹ̀ ní ọ̀dà, tí àwọn ìyá wa kọ̀ tí wọn ò kó lọ, tó jẹ́ ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Ìsọ̀ yẹn ò ṣe nǹkan kan. Aláta ń lọ síbi tí oníbàárà wà, oníbàárà ń lọ síbi tí aláta wà. Ta ni yóò kọ́kọ́ dìde?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ẹ ò gbàgbé áàpù ìtàkúrọ̀sọ 2go. Àwọn ará South Africa ló ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Nokia kékeré, kì í jẹ dátà. Ṣé ẹ rántí fáàrí tí à ń fi ipò ṣe? Novice, Amateur, títí dé Master àti Ultimate. Àbúrò mi máa ń tan fóònù sílẹ̀ mọ́jú, torí bó o bá ṣe pẹ́ tó lórí ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọ ga. Android àti WhatsApp dé, Ultimate ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ọ̀rẹ́ kan lọ, ìkejì tẹ̀ lé e, ìgbà tó yá o wọlé o ò bá ẹnì kankan. Àbúrò mi pẹ̀lú ipò ẹ̀ nìkan ló ń kí ara wọn.

Owó náà ò sì gbani níbẹ̀. Google tó ní Gmail, tó ní YouTube, gbé Google+ jáde ní 2011, wọ́n tì í pa ní oṣù kẹrin 2019. Tàbí Koo, tó jọ Twitter. Nígbà tí ìjọba wa fòfin de Twitter ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n lọ ṣí àkáǹtì lórí Koo ti àwọn ará Íńdíà. Oṣù kìíní 2022 tí wọ́n ṣí Twitter padà, kálukú padà sílé ẹ̀. Koo fúnra ẹ̀ kógbá wọlé ní oṣù keje 2024. Bí ìjọba tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ibòmíràn ò bá lè kó èrò wọ ọjà, kí ni ₦2 mílíọ̀nù ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ ṣe?

Èkó_nimowà · 9:31 alẹ́

Mi ò fara mọ́ ẹ̀gbọ́n Kóòdù. Láti òdo ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ WhatsApp ò tó ọgọ́ta ní 2014, Facebook ṣì rà á ní bílíọ̀nù dọ́là 19. Ìjẹ̀bú wá ń bẹ̀rù owó báyìí? Gba owó, polówó, kó èèyàn wọlé kíá, èrè á tẹ̀ lé e.

Ìyá_Gààrí_ÒkèÀjẹ · 9:48 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wí pé kó lọ gba owó yẹn, ṣé ìwọ lo máa bá a san án?

Wọ́n pè mí pé kí n wá gbé gààrí mi sórí áàpù yẹn. Mo wọlé. Mo ya fọ́tò gààrí, mo kọ iye owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi mí pé èló ni. Lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp mi, kí n tó mu ẹ̀kọ òwúrọ̀ tán, èèyàn márùn-ún ti ní kí n wọ̀n ọ́n sílẹ̀ fáwọn. Kí ni mo wá ń wá kiri? Dátà sì ti wọ́n. Oṣù kìíní 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, wọn ò sì jáfara. Áàpù tó bá ń jẹ dátà mi nígbà tí mo ń sùn, mo máa ń lé e jáde ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mo fẹ́ kí ọmọ tó ṣe é gbọ́. Ẹnì kan wá síbi ìsọ̀ yẹn, ó fi fọ́tò gààrí tó funfun kinniwin síbẹ̀, owó tó dá lé e kéré ju ti gbogbo ọjà lọ. Aládùúgbò mi san ₦85,000 fún un. Títí di òní, kò rí hóró gààrí kan. Fọ́tò yẹn, ti èmi ni. Ó jí i lára sítátọ́ọ̀sì mi.

Ọmọ_Mólípà · 10:10 alẹ́

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Òótọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí, Èkó ni mo wà, ọjọ́ kejì ni mo tó yọ àkáǹtì ẹni náà, ó ti pa nọ́ńbà ẹ̀ tì. Èmi nìkan ni mò ń ṣọ́ gbogbo ẹ̀. Mi ò rò pé áàpù tí èèyàn 19 ń lò lè ní olè nínú.

Àkàrà_Ìpẹ́rù · 10:12 alẹ́

Olè ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé ọjà tuntun ti ṣí 😂 Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 19, ó ku 18.

Amòfin_Ìkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Mo kà á lóru, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Àbúrò, orúkọ àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ, nọ́ńbà fóònù wọn, fọ́tò wọn, iye tí wọ́n jẹ ẹgbẹ́. Òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ò bìkítà bóyá ọmọ àdúgbò ni ọ́. Bí o kò bá jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá, ìtanràn ẹ̀ lè tó ₦2 mílíọ̀nù tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ọ lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. ₦2 mílíọ̀nù! Iye tí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ yá ọ gan-an nìyẹn.

Má gba ohun tó ò nílò. Kí lò ń fi ọjọ́ ìbí èèyàn ṣe? Kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, ní Yorùbá, ohun tó o gbà àti ìdí tó o fi gbà á, sì jẹ́ kí ẹni tó bá ní kí o pa tòun rẹ́ rí i pé o pa á rẹ́. Bákan náà, lọ forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC kí o tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àǹfààní inú òfin Startup (òfin iléeṣẹ́ tuntun) ti 2022 wà fún iléeṣẹ́ tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n wọn ò lè fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀.

Kóòdù_Ṣàgámù · 7:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun, agbẹjọ́rò. Orúkọ tí ẹ dá yẹn ló jẹ́ kí egbò mi tún la. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dá ojú òpó kan sílẹ̀ nígbà kan, àwọn tó ń wá yàrá háyà ní ìhà Rẹ́mọ la ṣe é fún, àwọn ọmọ Yunifásítì Babcock pàápàá. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. A ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wá. Ímeèlì tiẹ̀ ló fi ra orúkọ ojú òpó, káàdì tiẹ̀ la fi ń san sẹ́fà. Ó jápa. Mi ò bá a jà o, mo sìn ín dé pápákọ̀ òfúrufú. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, orúkọ yẹn tó àsìkò àtúnsan. Ìkìlọ̀ ń lọ sínú ímeèlì tí kò ṣí mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo tẹ ojú òpó wa, mo bá tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní èdè tí mi ò gbọ́. Ẹlòmíràn ti rà á.

Èkó_nimowà, WhatsApp tó ò ń wí, owó àwọn olùdókòwò bíi Sequoia ni wọ́n fi ń mí kí Facebook tó rà wọ́n. Facebook fúnra ẹ̀ ńkọ́? Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, inú ilé ìwé kan ṣoṣo ló wà, Harvard. Ó di oṣù kẹsàn-án 2006 kí wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ. Yàrá kan kún kí wọ́n tó ṣí ìkejì. Ọmọ Mólípà ṣí yàrá márùn-ún lọ́jọ́ kan, ó wá ń wá ẹni tí yóò bá a jókòó nínú gbogbo ẹ̀.

Èkó_nimowà · 8:15 àárọ̀

Ó dáa, mo gbọ́. Ti owó yíyá, mo jẹ́ kó lọ. Àmọ́ yàrá wo ni kó fi sílẹ̀?

Baba_Akápò · 11:26 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Mo wà nínú àwọn 19, mi ò sì gbàgbé pé ó wà lórí fóònù mi.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti jẹ́ akápò regbérégbé wa. Ìwé líle ẹlẹ́yìn pupa ni mo fi ń ṣe ìṣirò. Ní ìpàdé kan, wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín lé e, epo kan ojú ewé tí orúkọ èèyàn mẹ́ta wà, yíǹkì ṣàn pọ̀. Lára àwọn mẹ́ta yẹn, méjì ní àwọn ti san ₦45,000 owó aṣọ. Èmi mọ̀ pé ẹnì kan ló san. Ta ni kí n pè ní èké? Mo fi owó ara mi dí i. Ìyàwó mi ò tíì dárí ẹ̀ jì mí.

Látìgbà tí áàpù yìí ti dé, ẹni tó bá sanwó, ojú ẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, ìṣẹ́jú yẹn náà ni yóò dún nínú fóònù tiẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà ní London máa ń wò ó láti ọ̀hún, wọn ò pè mí lóru mọ́ pé "akápò, èló ló kù?" Ìyẹn nìkan ni mo ń lò. Mi ò mọ̀ pé ìròyìn wà níbẹ̀. Mo rí i pé nǹkan kan máa ń dí mi lọ́nà kí n tó débẹ̀, ẹ̀ẹ̀meje ni mo ń tẹ̀ ẹ́, ojú mi ò sì ríran dáadáa. Gbé e wá síwájú.

Ọmọ_Mólípà · 11:41 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá ní kí ẹgbẹ́ máa sanwó ẹ̀, ṣé kò ní dà bí ìwọra?

Baba_Akápò · 11:58 àárọ̀

Kí ló ní ìwọra nínú? Ẹgbẹ́ tó ń ra léèsì fún ọdún kan ṣoṣo. ₦2,000 lóṣù kò tó owó yìnyín ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni kó o bá sọ ọ́, má bá èmi sọ ọ́, kí wọ́n má baà ní mo gba rìbá.

Ìyá_Gààrí_ÒkèÀjẹ · 12:20 ọ̀sán

Bàbá, ṣé ó lè ṣe ti àjọ ọjà náà? Èmi ni alájọ lọ́dọ̀ wa. Èèyàn mẹ́rìnlélógún. Orí ni mo fi ń ká a.

Ọmọ_Mólípà · Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo yọ fọ́tò, mo yọ ìròyìn, mo yọ ìsọ̀, mo yọ ìtàkúrọ̀sọ. Ó dùn mí, mi ò purọ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ ni mo gé dànù. Ó ku ojú ewé owó nìkan. Láti megabáìtì 84, ó di 11. Sẹ́fà tó kéré jù lọ ló ń gbé e báyìí, torí kò sí fídíò òkú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìwọlé ti ń gba ojú ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n Kóòdù sọ. Orúkọ ojú òpó wà ní orúkọ iléeṣẹ́, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò CAC. Owó ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó mú un dání ná.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ti ní àwọn máa san, ìyá wa ti Òkè-Àjẹ ń fi ti àjọ dán an wò. Àmọ́ wàhálà owó yàtọ̀ sí ti fọ́tò o. Bí fọ́tò ò bá jáde, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lánàá, aago mẹ́fà ò tíì lù tí akápò ẹgbẹ́ kejì ti ń pè mí. Ó tẹ ₦45,000, òdo kan fò, ó di ₦4,500, iṣẹ́ sì ti dún nínú fóònù ẹni tó san án. Ìyẹn ti gbọ́nà ilé akápò lọ. Mo ti fi í síbẹ̀ báyìí pé kí áàpù bi akápò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì ka iye náà jáde ní Yorùbá kó tó lọ.

Ohun tó gbé mi wá: Google Play. Mo ti san dọ́là 25 tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní torí pé àkáǹtì tuntun ti ara ẹni ni, mo gbọ́dọ̀ wá èèyàn 12 tí yóò fi dán an wò fún ọjọ́ 14 láìyọ ara wọn kúrò. Bí wọ́n bá dín kù ní ọjọ́ kẹtàlá, mo tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí mẹ́sàn-án. Ta ló ní Android?

Àkàrà_Ìpẹ́rù · 6:52 àárọ̀

iPhone ni mò ń lò, mi ò bá yín sí i. (Ẹ má bi mí ẹni tó rà á.)

ÀgọÌwòyè_200L · 7:10 àárọ̀

Èmi ni 10. Bàbá mi ni 11. Nọ́ńbà ìwọlé wọn dé kí wọ́n tó gbé ìgò ojú sójú, wọ́n ní àwọn tún fẹ́ bi mí bóyá kì í ṣe yahoo, mo ní rárá.

Ìyá_Gààrí_ÒkèÀjẹ · 7:33 àárọ̀

Mo wà nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn tẹ́lẹ̀. Kò jẹ dátà mi lóru. Mo ṣọ́ ọ.

Baba_Akápò · 8:05 àárọ̀

Kọ nọ́ńbà ìyàwó mi sílẹ̀, òun ni 12. Ó gbà, ó ní òun ò ní yọ ọ́ títí ọjọ́ 14 á fi pé. Ṣùgbọ́n ó ní kí n bi ọ́: ṣé òun máa rí iye tí èmi náà jẹ ẹgbẹ́?

Ọmọ_Mólípà · 8:07 àárọ̀

Wọ́n máa rí i, sà.